Ìwọ̀n Eku ni Ìwọ̀n Ìtẹ́: Bí A Ti Ń Yan Àpò Ẹ̀yìn fún Ìrìn-Àjò Ẹsẹ̀ Ọ̀nà Jíjìn

Ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀ fún àgbéyẹ̀wò dá lórí àpò. Kì í ṣe àpò owó, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe àpò ọdẹ. Àpò tí à ń wí ni èyí tí ẹni tí ó bá fẹ́ fi ẹsẹ̀ rin ọ̀nà jíjìn máa ń gbé kọ́ ẹ̀yìn, tí okùn rẹ̀ méjèèjì á gba orí èjìká wá sí abẹ́ abíyá. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé irú rẹ̀ lọ sí ilé-ìwé lójoojúmọ́, wọn kì í sì í rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n fún ẹni tí yóò rìn fún oṣù márùn-ún láìwọ ọkọ̀, tí yóò máa sùn sínú igbó, tí yóò sì máa ru ilé, ibùsùn àti oúnjẹ rẹ̀ kiri, àpò yìí lè jẹ́ ohun tí yóò sọ bóyá yóò dé ibi tí ó ń lọ, tàbí yóò padà ní agbedeméjì ọ̀nà. Báwo, nígbà náà, ni a ti ń yan èyí tí ó fúyẹ́ tí kò sì ní já ẹni kulẹ̀?

Kí á tó dáhùn, ó yẹ kí á mọ irú ìrìn tí à ń sọ. Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ọ̀nà ẹsẹ̀ kan wà tí wọ́n ń pè ní Appalachian Trail. Orí òkè Springer ní ìpínlẹ̀ Georgia ni ó ti bẹ̀rẹ̀ ní gúúsù, orí òkè Katahdin ní ìpínlẹ̀ Maine ni ó sì parí sí ní àríwá. Ìpínlẹ̀ 14 ni ó là kọjá, gígùn rẹ̀ sì lé ní 3,500 kìlómítà. Òmíràn wà ní ìhà ìwọ̀-oòrùn, Pacific Crest Trail, tí ó ti ààlà Mẹ́síkò lọ dé ààlà Kánádà, tí gígùn tirẹ̀ sì lé ní 4,200 kìlómítà. Àwọn ọ̀nà wọ̀nyí kì í ṣe ọ̀nà ọkọ̀. Òkè ni, àfonífojì ni, igbó ni, odò ni. Àwọn tí ń rìn wọ́n já láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin a máa lo nǹkan bí oṣù mẹ́rin sí mẹ́fà.

Ẹ jẹ́ kí á fi ìṣirò kékeré kan wo ọ̀rọ̀ náà. Bí ìṣísẹ̀ ènìyàn bá gùn tó 70 sẹ̀ǹtímítà, yóò ṣí ẹsẹ̀ ní ìgbà 5,000,000 kí ó tó rin 3,500 kìlómítà. Bí ohun tí kò wúlò bá wà nínú àpò rẹ̀, tí ìwúwo rẹ̀ jẹ́ kílò kan péré, ìgbà mílíọ̀nù márùn-ún ni orúnkún àti ọrùn ẹsẹ̀ yóò bá a rù ú. Nígbà tí ó bá ń gun òkè, èémí ni yóò fi san gbèsè náà. Nígbà tí ó bá ń sọ̀kalẹ̀, orúnkún ni yóò fi san án. Ohun tí ọwọ́ gbé ní ilé ìtajà tí ó dà bí ìyẹ́ lè di òkúta ní ọ̀sẹ̀ kẹta ìrìn-àjò.

Báwo wá ni ẹrù ṣe ń pọ̀ tó bẹ́ẹ̀? Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Kò sí ẹni tí ó pinnu láti kó 20 kílò sínú àpò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìkòkò kejì ni, ẹ̀wù kẹta ni, ìwé ńlá kan ni, ọ̀bẹ tí ó ní ojú mẹ́wàá ni. Bóyá òjò yóò pọ̀. Bóyá ebi yóò pa. Bóyá àlejò yóò yà. Bí a bá tú àpò tí ó wúwo jù palẹ̀, a ó rí i pé "bóyá" ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀, kì í ṣe ohun èlò.

Ìtàn àpò náà fúnra rẹ̀ fi èyí hàn. Láyé àtijọ́, aṣọ kánfáàsì tí ó nípọn ni wọ́n fi ń rán an, èjìká nìkan ni gbogbo ìwúwo rẹ̀ sì ń dá lé. Ní ọdún 1952, ọkùnrin kan ní California tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Dick Kelty, pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ Nena, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àpò tí ó ní férémù alumíníọ̀mù tí ó nà án ró, tí ó sì ní bẹ́líìtì tí à ń dè mọ́ ìbàdí. Ọgbọ́n ńlá ni èyí. Egungun ìbàdí lágbára ju ti èjìká lọ, orí itan méjèèjì ni ó sì jókòó lé. Nígbà tí férémù bá ti gbé ìwúwo ẹrù kúrò lórí èjìká tí ó sì gbé e ka ìbàdí, ọrùn á sinmi, ẹ̀yìn á nà, ènìyàn á sì lè ru ohun tí kò lè rù tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ọgbọ́n yìí náà ni ìdẹwò wà. Àpò tí ó lè gba ẹrù púpọ̀ ń pe ẹrù púpọ̀. Àyè tí ó bá ṣófo nínú rẹ̀ a máa wá ohun tí yóò fi kún un, olówó àpò a sì máa gbà pẹ̀lú rẹ̀.

Ẹ wá wo obìnrin kan tí kò gba ìdẹwò náà láyè. Emma Gatewood ni orúkọ rẹ̀, ará ìpínlẹ̀ Ohio. Ọmọ 11 ni ó bí, ó sì ti ní ọmọ-ọmọ. Ní ọdún 1954 ó gbìyànjú láti rin Appalachian Trail láti ìhà Maine, ṣùgbọ́n ó ṣìnà, awò ojú rẹ̀ fọ́, àwọn tí ń ṣọ́ igbó sì ní kí ó máa lọ sí ilé. Ó lọ sí ilé lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 3 oṣù karùn-ún ọdún 1955, nígbà tí ó jẹ́ ẹni ọdún 67, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti Georgia, kò sì dúró títí ó fi dé orí òkè Katahdin ní ọjọ́ 25 oṣù kẹsàn-án. Òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tí a mọ̀ pé ó dá rin ọ̀nà náà já láàrin ọdún kan. Ó tún rìn ín já ní ọdún 1957, nígbà tí ó sì di ọdún 1964 ó ti rìn ín já lẹ́ẹ̀kẹta.

Kí ni Ìyá Àgbà Gatewood, bí àwọn ènìyàn ti ń pè é, gbé dání? Àpò kan ni, tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ rán láti inú aṣọ líle tí wọ́n fi ń rán ṣòkòtò jíǹsì, tí ó sì fi okùn fà ní ẹnu. Èjìká kan ni ó ń gbé e kọ́. Kò ní férémù, kò ní bẹ́líìtì. Kò ru àgọ́, kò ru ìbora alápò tí àwọn yòókù ń sùn sínú rẹ̀. Bàtà kánfáàsì ni ó wọ̀. Aṣọ ọ̀rá tí àwọn Òyìnbó máa ń ta sí ẹnu ibi ìwẹ̀ ni ó fi ń bo ara nígbà òjò. A kò sọ èyí kí ẹnikẹ́ni lè ṣe bí ó ti ṣe ní gbogbo ọ̀nà, nítorí ọ̀pọ̀ alẹ́ ni àwọn olóore gbà á sí ilé wọn, tí wọ́n sì fún un ní oúnjẹ. Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ ni pé kì í ṣe àpò olówó iyebíye ni ó gbé e dé òkè Katahdin. Ìmọ̀ ohun tí ó nílò àti ohun tí kò nílò ni ó gbé e dé ibẹ̀.

Ẹni tí ó sọ irú ìmọ̀ yìí di ẹ̀kọ́ tí a lè fi kọ́ ẹlòmíràn ni Ray Jardine, onímọ̀ ẹ̀rọ tí ó ti gbajúmọ̀ láàrin àwọn tí ń gun àpáta kí ó tó di arìnrìn-àjò ẹlẹ́sẹ̀. Òun àti ìyàwó rẹ̀, Jenny, rin Pacific Crest Trail ní ọdún 1987, wọ́n tún rìn ín ní 1991 àti 1994. Ìwé tí ó kọ nípa ọ̀nà náà, The PCT Hiker's Handbook, jáde ní ọdún 1992. Jardine rán àpò tirẹ̀ fúnra rẹ̀, kò sì fi férémù tàbí bẹ́líìtì ìbàdí sí i. Àlàyé rẹ̀ kò ṣòro. Férémù wà láti ran ẹni tí ẹrù ń pa lọ́wọ́. Bí ẹrù kò bá pa á, férémù náà di ẹrù. Bí ẹrù bá sì ti fúyẹ́, bàtà líle tí ó wúwo kò pọn dandan mọ́. Bí bàtà bá fúyẹ́, ẹsẹ̀ á yá. Bí ẹsẹ̀ bá yá, a ó tètè dé ìlú tí a ti ń ra oúnjẹ, oúnjẹ tí a ó rù á sì dín kù. Ìfúyẹ́ kan ń bí òmíràn.

Níhìn-ín ni a ti dé gbòǹgbò ọ̀rọ̀. Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ jù lọ ni kí ènìyàn kọ́kọ́ ra àpò, kí ó tó wá máa ro ohun tí yóò kó sínú rẹ̀. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Kò sí eku tí ń kọ́ ìtẹ́ ẹmọ́ kí ó tó máa wá bí òun yóò ti sanra kún un. Àpò ni ó yẹ kí á rà kẹ́yìn.

Ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí arìnrìn-àjò rà ni òṣùwọ̀n kékeré bí irú èyí tí wọ́n ń lò nínú ilé ìdáná. Kí ó to gbogbo ohun tí ó fẹ́ rù sílẹ̀, kí ó wọ̀n wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ó sì kọ iye gíráàmù tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ sínú ìwé. Àgọ́, ìbora àti àpò fúnra rẹ̀ ni ó máa ń wúwo jù, nítorí náà lórí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí ni èrè pọ̀ sí. Ẹni tí ó bá fi odidi ọjọ́ kan gé igi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín sí méjì, tí ó sì gbé àgọ́ oníkílò mẹ́ta, ń lé eṣinṣin nígbà tí erin wà nínú oko rẹ̀.

Àpapọ̀ ohun gbogbo tí a wọ̀n, láìka oúnjẹ, omi àti epo ìdáná, ni a lè pè ní ìwúwo ìpìlẹ̀, nítorí òun ni kì í yí padà lójú ọ̀nà. Àṣà tí ó ti wọ́pọ̀ láàrin àwọn arìnrìn-àjò Amẹ́ríkà ni pé bí ìwúwo ìpìlẹ̀ kò bá tó kílò 9, ẹrù náà fúyẹ́. Bí kò bá tó 4.5 kílò, ó fúyẹ́ dé góńgó. Lẹ́yìn náà ni à ń ro oúnjẹ àti omi mọ́ ọn. Lítà omi kan jẹ́ kílò kan gẹ́lẹ́, kò sì sí ọgbọ́n tí ó lè mú un fúyẹ́.

Ẹ jẹ́ kí á fi àpẹẹrẹ méjì ṣe é. Bí ìwúwo ìpìlẹ̀ ẹnì kan bá jẹ́ kílò 4, tí oúnjẹ ọjọ́ mẹ́rin jẹ́ kílò 3, tí ó sì ru lítà omi kan nítorí pé odò pọ̀ lójú ọ̀nà, kílò 8 ni àpapọ̀ rẹ̀. Ẹni yìí lè lo àpò tí kò ní férémù, tí òun fúnra rẹ̀ lè má ju 500 gíráàmù lọ. Ṣùgbọ́n bí ẹni kan náà bá lọ sí apá gúúsù California, níbi tí ilẹ̀ gbẹ, tí ó sì ní láti ru lítà omi 5, ẹrù rẹ̀ di kílò 12. Ó ti kọjá ohun tí èjìká lásán lè gbà pẹ̀lú ìrọ̀rùn. Ẹni náà nílò àpò tí ó ní férémù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ àti bẹ́líìtì ìbàdí, tí ìwúwo rẹ̀ lè tó nǹkan bí kílò kan. Ènìyàn kò yí padà, ìwúwo ìpìlẹ̀ kò sì yí padà. Ọ̀nà ni ó yí padà, àpò sì gbọ́dọ̀ bá a yí. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń béèrè pé àpò wo ni ó dára jù lọ ní ayé kò tí ì béèrè ìbéèrè tí ó ní ìdáhùn.

Bí a bá ti mọ ìwúwo ẹrù, ó ku bí yóò ti gba àyè tó. Ẹni tí ẹrù rẹ̀ fúyẹ́ kì í sábà nílò ju àpò tí ó gba lítà 40 sí 55 lọ. Lẹ́yìn èyí ni ti ara ẹni fúnra rẹ̀. Gígùn ẹ̀yìn ni a fi ń wọn àpò, kì í ṣe gíga ènìyàn. Kí ẹni tí ó fẹ́ ra àpò tẹ orí ba, kí ẹlòmíràn sì fi ọwọ́ wá egungun tí ó yọ ní ìsàlẹ̀ ọrùn rẹ̀. Láti ibẹ̀ ni kí wọ́n ti wọ̀n ọ́n dé ọ̀gangan òkè egungun ìbàdí. Ènìyàn méjì lè ga bákan náà, kí ẹsẹ̀ ọ̀kan gùn, kí ẹ̀yìn èkejì sì gùn. Àpò tí ó bá ọ̀kan mu yóò fìyà jẹ èkejì. Bẹ́líìtì gbọ́dọ̀ gun orí egungun ìbàdí, kó má sọ̀kalẹ̀ sí ìdí, kó má sì gòkè sí ikùn. Okùn gbọ́dọ̀ lẹ̀ mọ́ èjìká láìsí àlàfo. Kí a má sì ṣe dán àpò wò ní òfìfo. Kí a kó ìwọ̀n ẹrù tí a ó rù sí i, kí a sì rìn yí ilé ìtajà ká fún ìdajì wákàtí. Ara yóò sọ òtítọ́ tí olùtajà lè má sọ.

Ní ti aṣọ tí a fi rán an, ọ̀pọ̀ jẹ́ náílọ́ọ̀nù tí a hun lọ́nà tí yíya kékeré kò fi ní di ńlá. Àwọn kan wà tí a fi okùn tín-ín-rín tí ń jẹ́ Dyneema ṣe. Ó lágbára gan-an, kì í mu omi, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ga. Kò sí èyí tí ó yẹ kí á gbẹ́kẹ̀ lé pátápátá lójú òjò, nítorí omi ń gba ojú abẹ́rẹ́ wọlé. Àpò ọ̀rá ńlá kan tí a tẹ́ sínú rẹ̀, tí a sì ká ẹnu rẹ̀ pọ̀, yóò ṣe iṣẹ́ tí owó ńlá kò ṣe. Síìpù àti àpò kéékèèké tí ó pọ̀ lára àpò a máa fi kún ìwúwo. Méjì ní ẹ̀gbẹ́ fún omi àti ọ̀kan ní iwájú fún ohun tí ó tutù ti tó.

Òǹwòran kan lè béèrè pé: kí ló dé tí wọn kò fi òṣùká lé orí kí wọ́n sì rù ú, bí àwọn ìyá wa ti ń ṣe? Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ni. Ní ọdún 1986, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì gbé ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn Nature nípa àwọn obìnrin Luo àti Kikuyu ní ilẹ̀ Kẹ́ńyà. Àwọn Luo a máa gbé ẹrù ka àtàrí, àwọn Kikuyu a máa gbé e sí ẹ̀yìn kí wọ́n sì fi okùn rẹ̀ kọ́ iwájú orí. Wọ́n rí i pé àwọn obìnrin yìí lè ru ẹrù tí ó tó ìdá kan nínú márùn-ún ìwúwo ara wọn láìjẹ́ pé agbára tí wọ́n fi ń rìn pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ ọ. Ní ojú ọ̀nà olókè tí a ti ń fi ọwọ́ di àpáta mú, tí ẹ̀ka igi sì rọ̀ wálẹ̀, ẹrù orí kò rọrùn. Síbẹ̀, ẹ̀kọ́ kan náà ni ó wà nínú méjèèjì: kí ẹrù súnmọ́ òpó ara. Ohun tí ó wúwo nínú àpò, bí oúnjẹ àti omi, gbọ́dọ̀ lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ní agbedeméjì. Bí a bá gbé e sí ìta, yóò máa fa ènìyàn sẹ́yìn ní gbogbo ìṣísẹ̀.

Ó ku ìkìlọ̀ kan, òun ni ó sì ṣe pàtàkì jù. Ìfúyẹ́ ní ààlà. Àwọn kan wà tí wọ́n sọ ọ́ di ìdíje, tí wọ́n ń yọ ohun gbogbo kúrò títí wọ́n fi yọ ohun tí ń dá ẹ̀mí sí. Appalachian Trail gba orí òkè Washington kọjá ní ìpínlẹ̀ New Hampshire. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹrin ọdún 1934, ibùdó ojú-ọjọ́ tí ó wà lórí òkè náà wọn ìjì tí iyára rẹ̀ tó 372 kìlómítà ní wákàtí kan, yìnyín sì lè bọ́ níbẹ̀ ní oṣù yòówù nínú ọdún. Òtútù kò sì dúró de yìnyín kí ó tó pa ènìyàn. Bí òjò bá rin aṣọ gbingbin, tí afẹ́fẹ́ sì ń fẹ́, ooru ara lè lọ sílẹ̀ títí èrò ọkàn yóò fi dàrú, tí ẹsẹ̀ yóò sì kọ̀. Nítorí náà, ẹ̀wù òjò, aṣọ gbígbóná kan tí a fi pamọ́ kí ó má baà tutù, ìbora tí ó tó, iná, àwòrán ilẹ̀ àti omi kì í ṣe "bóyá". Àwọn ni ìdí tí àpò fi wà. Àgbà tí ó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ dé ilé. Ẹni tí ó bá sì yọ ẹ̀wù òjò kúrò nítorí 300 gíráàmù, àjẹìwẹ̀yìn ni ó jẹ.

Àwọn kan á máa wí pé alágbára kò gbọdọ̀ bẹ̀rù ẹrù. Ṣùgbọ́n orúnkún alágbára náà ń ka ìṣísẹ̀ mílíọ̀nù márùn-ún. Àwọn mìíràn á wí pé olówó nìkan ni ó lè ra ìfúyẹ́. Àpò jíǹsì Ìyá Àgbà Gatewood ti dá wọn lóhùn. Ohun tí a fi sílẹ̀ ní ilé kò ná wa ní kọ́bọ̀, òun sì ni ó fúyẹ́ jù lọ nínú gbogbo ẹrù.

Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ bá fẹ́ fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe iṣẹ́ nínú kíláàsì, ẹ ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan wọn ohun tí ó wà nínú àpò rẹ̀ lórí òṣùwọ̀n, kí ó sì kọ ìdí tí ó fi gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan sí iwájú rẹ̀. Ohun tí kò bá rí ìdí kọ sí, kí ó gbé e sílẹ̀.